Ẹ̀yìn Aṣọ Ni Mo Ti Tẹ Dùrù

Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ṣíwájú Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, ní ọdún yìí tí àwọn ológun ń palẹ̀ mọ́ láti gbé ìjọba fún alágbádá. Aago náà dá mi lójú nítorí pé agogo ṣọ́ọ̀ṣì ń dún lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀gá akọrin ìjọ wa ní Òsì na ọ̀pá tó fi ń darí orin sí mi, tó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, jáde."

Mo wẹ̀yìn. Mo rò pé ẹlòmíràn ló ń bá wí.

"Ìwọ náà ni. Ṣòkòtò lo wọ̀ wọ ilé Olúwa. Irun orí rẹ dà bí ìtẹ́ ẹyẹ. Obìnrin tó bá múra bí awakọ̀ lọ́rì kò ní dúró níwájú ọ̀kẹ́sírà mi."

Àwọn onífáyólìn rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń fun tíróḿpẹ́tì fi ẹnu fèrè rẹ̀ bo ẹ̀rín tirẹ̀, fèrè náà sì fọ̀ pùù bí ewúrẹ́ tó sín. Mo gbé àpò mi, mo jáde.

Ọ̀kẹ́sírà mi, ó ní. Kí ẹ tó lè mọ bí gbólóhùn yẹn ṣe gún mi lọ́kàn, ẹ gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó kó gbogbo wọn jọ. Èmi ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ agùnbánirọ̀ ni, mo wà nílé lọ́dọ̀ ìyá mi, mo ń retí iṣẹ́ tí kò dé. Ẹ̀kọ́ ìtàn ni mo kà ní yunifásítì, ṣùgbọ́n ìdí dùrù ilé ìsìn ibẹ̀ ni mo ti lo ọ̀pọ̀ ọjọ́ mi. Nígbà tí mo dé ilé, mo bá ẹgbẹ́ onígìtá kan pàdé ní Ìlọ́fà, ọ̀dọ́kùnrin mẹ́rin tó ń kọ orin rọ́ọ̀kì. Àwọn àgbà ní ariwo wọn lè jí òkú. Tíṣà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni olórí wọn. Mo wá ro ó pé, kí ló dé tí àwọn wọ̀nyí kò fi lè bá àwọn onífáyólìn àti onífèrè ìjọ wa ṣeré pọ̀ lọ́jọ́ Ajé Àjíǹde, nígbà tí àwọn ọmọ ìlú bá ti Kàdúná àti Èkó dé? Mo rìn lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà ìjọ, mo bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi gbà. Wọ́n kàn ní kí a ṣe é ní pápá ilé ìwé, kì í ṣe inú ṣọ́ọ̀ṣì, kí ọ̀gá akọrin sì jẹ́ olùdarí. Mo ní ó dára. Inú mi dùn débi pé n kò fura sí nǹkan kan.

Orin tí a ó fi kádìí eré náà ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Orin ìyá mi ni. Gàrí ni ìyá mi ń ṣe. Bó bá jókòó ti òkìtì gbágùúdá, tí ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó máa ń kọ orin kan tó ṣe fún ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Ẹ̀gbọ́n mi yìí lọ sóko ní ìgbà òjò, odò kún, kò padà wálé. Mo kéré nígbà náà. N kò rántí ojú rẹ̀ dáadáa, ó sì ń dùn mí pé n kò rántí rẹ̀. A kò ní fọ́tò rẹ̀ kankan. Orin yẹn nìkan ló kù nínú rẹ̀ tí ènìyàn lè gbọ́:

Ẹ bá mi pè é wálé,
iyán ọmọ mi ń tutù.

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá mi á kọ ọ́ lọ, á kọ ọ́ bọ̀, bí èèpo gbágùúdá ṣe ń jábọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Èmi ni mo to ohùn sí i, tí mo kọ dò-re-mi fáyólìn àti fèrè, tí mo kọ́ àwọn onígìtá níbi tí wọn yóò ti dákẹ́ àti ibi tí wọn yóò ti bú sí i bí òjò. Nígbà tí mo kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ fún ọ̀gá akọrin, ó di ojú rẹ̀.

"Orin ta nìyí?"

"Orin ìyá mi ni, sà."

"Ó dùn. Àmọ́ kò sí Jésù nínú rẹ̀." Ó mú gègé, ó fa ọ̀rọ̀ ìyá mi rẹ́, ó kọ tirẹ̀ sí i: Ẹ bá mi pè é wálé, ẹlẹ́ṣẹ̀ tó ṣáko lọ. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mo ní kò burú, ohùn ìyá mi ṣì wà níbẹ̀. Ẹ rí i pé mo gbìyànjú. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo gbìyànjú kí inú mi tó dúdú.

Nítorí pé lẹ́yìn tó lé mi jáde, inú mi dúdú ní tòótọ́. N kò jẹun nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Mo jókòó ti ààrò, mo ń ro ohun tí mo lè fi ṣe é. Mo rò ó pé kí n fi oyin ra ọ̀pá rẹ̀ kí eṣinṣin lè bò ó níwájú gbogbo ènìyàn. Mo rò ó pé kí n pa òwe mọ́ ọn lọ́nà odò, níbi tí àwọn obìnrin pọ̀ sí. Mo kà á pẹ̀lú ìgbádùn, bí ẹni tó ń ka ohun tí òun yóò sè lọ́dún.

Ìyá mi ní, "Kí ni ìkòkò yẹn ṣe fún ọ tí o fi ń wò ó báyìí?"

"Kò ṣe nǹkan kan, Yèyé."

"Ó dáa. Má fọ́ ọ. Òun ni mo fi ń se ọbẹ̀."

N kò lè sọ fún un. Mo ti sọ fún un pé èmi ni yóò dúró níwájú nígbà tí wọ́n bá ń ṣe orin ọmọ rẹ̀. Ó ti mú ìró rẹ̀ tó dára jù jáde, ó sá a sóòrùn.

Ohun kan wà tí mo mọ̀ tí ọ̀gá akọrin kò mọ̀, ibí sì ni mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Dùrù ṣọ́ọ̀ṣì wa, èyí tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kí ó tó lè mí, ti darúgbó. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. Bí o bá tẹ dò lórí rẹ̀, tì tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ni yóò jáde. Ṣùgbọ́n ta ni yóò mọ̀ ní Òsì? Òun nìkan ni dùrù tó wà. Láti ìgbà ayé àwọn bàbá wa, òun ni àwọn onífáyólìn fi ń fa okùn wọn, òun ni àwọn onífèrè fi ń ṣe fèrè wọn, òun ni gbogbo ìjọ fi ń gbóhùn. Gbogbo wa jọ rẹlẹ̀ pọ̀, a sì rò pé ibẹ̀ ni ayé dúró sí. Nígbà ìdánrawò, àwọn onígìtá náà fa okùn gìtá wọn sílẹ̀ láti bá a mu, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n dùrù oníná tí Tíṣà yóò tẹ̀ lọ́jọ́ eré, Ìlọrin ni wọn yóò ti yá a wá láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, nítorí pé kò sí iná mànàmáná ní ṣọ́ọ̀ṣì. Dùrù yẹn kò sì ṣeé fà sókè tàbí sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe ṣe é ni yóò ṣe máa dún.

Mo fẹ́ kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n tó lé mi. Lẹ́yìn tí wọ́n lé mi, mo pa ẹnu mi dé, mo sì gbádùn ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà bí ẹni tó ń jẹ àádùn.

Ọjọ́ Ajé Àjíǹde dé. Wọ́n ti fi pákó kan pèpéle sí pápá ilé ìwé, wọ́n ta aṣọ funfun ńlá sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n lẹ òdòdó oníbébà mọ́ ọn. Jẹnẹrétọ̀ wà lẹ́yìn aṣọ, ó ń tú èéfín. Èmi jókòó sábẹ́ igi máńgòrò tó wà nítòsí, mo wọ ṣòkòtò mi, mo ya irun mi kí ó lè fẹ̀ jù ti àtẹ̀yìnwá lọ. Àwọn ènìyàn ti ń gbé bẹ́ǹṣì wá láti ilé nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí dán ohun èlò wò.

Ọ̀gá akọrin gbé ọ̀pá sókè. Fáyólìn, fèrè, gìtá àti dùrù oníná wọlé lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ̀yin ará, n kò lè ṣàpèjúwe rẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí ológbò méjì bá pàdé lórí páànù. Ajá kan tó sùn sábẹ́ bẹ́ǹṣì dìde, ó wo pèpéle, ó bá tirẹ̀ lọ. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Ìdùnnú ọjọ́ ìgboyè mi kò tó èyí.

"Ẹ̀yin ọmọ Ìlọ́fà!" Ọ̀gá akọrin ń pariwo. "Kí lẹ gbé wá? Ẹ̀rọ ìlọta ni àbí dùrù?"

Tíṣà ní, "Dùrù Ìlọrin ni, sà. Ohùn tirẹ̀ ló tọ̀nà."

"Ohùn tirẹ̀ ló tọ̀nà? Ta ló bí ọ? A ti ń fi fáyólìn yìí yin Olúwa kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ!"

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n fa okùn wọn sókè nígbà náà, sà."

"Kí ó já? Òmíràn wà nílé bàbá rẹ?"

Òótọ́ ni ó sọ níbẹ̀. Okùn wọn ti gbó, kò sí òmíràn ní gbogbo agbègbè wa. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n tún un ṣe, àwọn ológbò náà kò parí ìjà. Oòrùn yí. Bẹ́ǹṣì kún. Mo rí ìyá mi tó wọlé pẹ̀lú ìró rẹ̀ tó dára jù, ó jókòó níwájú níwájú, ó ń fi ojú wá mi.

Nígbà náà ni Tíṣà sáré wá sábẹ́ máńgòrò.

"Kọ́pà, dákun. O mọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Mo rí i tí o ń rẹ́rìn-ín."

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Sọ ọ́ fún mi, jọ̀ọ́."

Mo sọ ọ́ fún un. Mo ní dùrù ṣọ́ọ̀ṣì ti rẹlẹ̀, kò sì sí ohun tó le níbẹ̀. Níbi tí ó bá ti fẹ́ tẹ dò, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti tì. Ó kàn jẹ́ pé àwọn ìka dúdú ni yóò pọ̀ jù lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Ó wò mí bí ẹni tí mo sọ èdè Hausa fún. "Dúdú kẹ̀? Kọ́pà, funfun nìkan ni mo mọ̀ láyé mi. Ọ̀ṣọ́ ni mo pe dúdú yẹn."

Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín, kò sí bí a ṣe fẹ́ ṣe é. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ tún yí padà. "Ìwọ lo máa tẹ̀ ẹ́."

Ó padà lọ bá ọ̀gá akọrin. Mo rí wọn lókèèrè, tí ọwọ́ ń lọ, tí ọwọ́ ń bọ̀. Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá akọrin fúnra rẹ̀ wá bá mi. Mo dìde, mo kúnlẹ̀ kí i, nítorí pé àgbà ni, n kò sì fẹ́ kí ó rí ìwà àfojúdi kankan gbámú yàtọ̀ sí ṣòkòtò.

Kò bẹ̀ mí. Ó ní, "Wọn yóò gbé dùrù náà sẹ́yìn aṣọ. Ẹ̀yìn ibẹ̀ ni wàá ti tẹ̀ ẹ́. Ọmọ Ìlọ́fà yẹn á dúró níwájú pẹ̀lú gìtá."

"Kí ló dé tí n kò lè jókòó níwájú, sà? Orin ìyá mi ni."

"Èmi kò lè yí ọ̀rọ̀ mi padà níwájú ìjọ. Ẹnikẹ́ni kò ní rí ọ." Ó ń kúrò lọ kí ó tó parí rẹ̀. "Ọlọ́run ń rí ọ. Ìyẹn tó."

Mo fẹ́ kọ̀. Ẹ gbà mí gbọ́, ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè mi. Ṣùgbọ́n mo tún rí ìyá mi, tó fi ọwọ́ bojú oòrùn, tó ń wá mi láàárín àwọn èrò. Mo dìde, mo lọ sẹ́yìn aṣọ.

Ẹ̀yìn aṣọ gbóná. Èéfín jẹnẹrétọ̀ ń ta mí nímú. Ihò kékeré kan wà lára aṣọ náà níbi tí wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ gún òdòdó mọ́ ọn, láti ibẹ̀ ni mo ti ń rí ẹ̀yìn ọrùn àwọn onífáyólìn àti ojú àwọn tó wá wòran. A ṣe àwọn orin tó ṣíwájú, ó ń lọ dáadáa, àwọn ọmọ Èkó bẹ̀rẹ̀ sí jó, àwọn ìyá àgbà ní "kí ni eléyìí", wọ́n sì ń mi orí.

Nígbà tí a dé orí orin ìyá mi, ìka mi bẹ̀rẹ̀ sí yún mi. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n. Kí n kàn sún ọwọ́ díẹ̀, kí n tẹ funfun dípò dúdú, àwọn ológbò á tún pàdé, níwájú Òsì, níwájú Ìlọ́fà, níwájú gbogbo ọmọ tó ti ìdálẹ̀ dé. Ọ̀gá akọrin ni wọn yóò máa wò. Ta ni yóò mọ̀ pé mo wà lẹ́yìn aṣọ? Òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé ẹnikẹ́ni kò ní rí mi.

Mo wo inú ihò náà. Ìyá mi ti dìde dúró. Òun nìkan ló dúró láàárín àwọn tó jókòó. Àwọn akọrin ń kọ ẹlẹ́ṣẹ̀ tó ṣáko lọ, ẹnu tirẹ̀ kò bá tiwọn mu. Mo mọ ohun tí ètè rẹ̀ ń sọ. Iyán ọmọ mi ń tutù. N kò sún ọwọ́ mi. Mo tẹ orin náà dé òpin rẹ̀, mo sunkún sórí ìka dúdú, gìtá Tíṣà bú sí i bí mo ṣe kọ́ ọ, àwọn fáyólìn gùn ún lọ sókè, ó sì dára ju bí mo ṣe rò ó lọ.

Àtẹ́wọ́ ń ró. Onímọ́tò tó gbé dùrù wá láti Ìlọrin, tó ń ṣọ́ jẹnẹrétọ̀, ní ó ti gbóná jù, ó pa á. Ọ̀gá akọrin gbé ọwọ́ sókè kí wọ́n dákẹ́.

Ó ní, "Ẹ̀yin ará, n kò fẹ́ sọ èyí. Ṣùgbọ́n Ẹ̀mí kò jẹ́ kí n dákẹ́. Lójú àlá ni mo ti gba orin yìí. Ọkùnrin aláṣọ funfun kan ló dúró lórí omi, ó kọ ọ́ fún mi, ó ní kí n lọ kọ ọ́ fún Òsì."

"Halelúyà!" ni gbogbo pápá.

Ẹni tí kì í bá ṣe ọmọ ìjọ wa lè má mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Bí ènìyàn bá ní òun ló ṣe orin, o lè bá a jiyàn. Bí ó bá ní Ẹ̀mí ló fún òun lójú àlá, ta ni ìwọ tí o ó dìde pé irọ́ ni? Ó ti gbé orin ìyá mi, ó ti gbé e sókè ọ̀run níbi tí ọwọ́ mi kò lè tó. Ó tún fi omi sí i! Omi tó gbé ẹ̀gbọ́n mi lọ!

Mo gbé ọwọ́ mi méjèèjì, mo fi gbogbo agbára mi là wọ́n mọ́ dùrù náà, funfun àti dúdú, kí ó lè ké bo ẹnu rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Kò dún. Iná ti kú. Mo lù ú, mo lù ú, ó dà bí ẹni tó ń lu tábìlì. Ẹni kan ṣoṣo tó gbọ́ mi ni onímọ́tò náà, ó sì ní, "Àǹtí, ẹ rọra, Ìlọrin ló ni ín."

Nígbà tí a délé, ìyá mi ká ìró rẹ̀, ó jókòó ti gbágùúdá. Ó mú ọ̀bẹ rẹ̀.

"Ṣé ìwọ ló ń tẹ nǹkan yẹn lẹ́yìn aṣọ?"

"Báwo lẹ ṣe mọ̀, Yèyé?"

"O máa ń fà á níbi tí èmi náà ti ń fà á." Ó bẹ gbágùúdá kan, ó bẹ èkejì. "Ọ̀gá akọrin ní Ẹ̀mí Mímọ́ ló kọ ọ́ fún òun. N kò mọ̀ pé Ẹ̀mí Mímọ́ ń jókòó ní ẹ̀yìnkùlé mi. Ì bá ti bá mi dín gàrí."

Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ni mo ṣe ìpinnu pé n ó gbẹ̀san, kì í ṣe pẹ̀lú oyin àti eṣinṣin mọ́. Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Àyè rẹ̀ sì ti dé báyìí. Ọmọ ìlú kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé amóhùnmáwòrán ní Ìlọrin wà lára àwọn tó wòran. Wọ́n ti ránṣẹ́ pé kí gbogbo wọn wá ṣe orin náà, kí wọ́n gbà á sílẹ̀, kí gbogbo ìpínlẹ̀ lè rí i. Ọ̀gá akọrin wá sílé wa lánàá pẹ̀lú iṣu. Iṣu tó dára ni, n kò ní parọ́ mọ́ ọn. Ìyá mi gbé omi fún un.

Ó ní, "Wọ́n ní dùrù oníná wà níbẹ̀. Mo ti bá wọn sọ̀rọ̀, aṣọ yóò wà lẹ́yìn."

Ìyá mi ló dáhùn.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, ọkùnrin aláṣọ funfun tó kọrin fún yín lójú àlá yẹn. Ọmọ ọdún mélòó ni?"

Ó mu omi. Ó tún un mu nígbà tí ife ti gbẹ. "Ìyá, àlá ni. Ènìyàn kì í rí ojú dáadáa lójú àlá."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ìyá mi ní. "Èmi náà kì í rí i dáadáa mọ́."

Ó jáde láìdágbére dáadáa. Iṣu rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, a kò tíì fọwọ́ kàn án.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀ ni bọ́ọ̀sì yóò gbé wọn. Bí n kò bá lọ, Tíṣà kò mọ dúdú, ológbò yóò sì jà lójú gbogbo ìpínlẹ̀. Kò ní sí àlá tó lè gbà á là níbẹ̀. Mo ń rò ó lójoojúmọ́, ó ń dùn mọ́ mi, n kò sì tijú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Tíṣà àti àwọn ọmọ Ìlọ́fà kò ṣẹ̀ mí, orúkọ wọn ni yóò bàjẹ́ pẹ̀lú tirẹ̀. Bí mo bá lọ, mo tún lè ti ẹ̀yìn aṣọ jáde láàárín orin, nínú ṣòkòtò mi, kí n kọ ọ̀rọ̀ ìyá mi sókè kí wọ́n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Wọn á pè mí ní asọ̀rọ̀-òdì. Wọn á lé ìyá mi kúrò níbi tó ń jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì láti ìgbà tó ti délé ọkọ.

Mo bi í léèrè láàárọ̀ yìí. Kò gbójú sókè kúrò nídìí gbágùúdá. Ó ní, "Bí wọ́n bá gbà á sílẹ̀ ní Ìlọrin, ṣé á máa wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí èmi bá ti kú?"

Mo ní, "Á wà níbẹ̀, Yèyé."

Ó ní, "Hùn-ún." N kò mọ ohun tí hùn-ún yẹn túmọ̀ sí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ dákun, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Mo fẹ́ kí ojú ọkùnrin yẹn tì í, mo fẹ́ ẹ gidigidi, n kò fẹ́ kí ẹ sọ fún mi pé kí n má fẹ́ ẹ. Ohun tí mo ń bi yín ni bí n ó ṣe ṣe é tí orin ẹ̀gbọ́n mi kò fi ní bá a lọ. Kí n jókòó sílé? Kí n lọ, kí n tẹ dúdú, kí n sì dákẹ́? Àbí kí n fa aṣọ funfun náà lulẹ̀? Bí ẹ̀yin bá wà nípò mi, tí ìyá yín sì ń bẹ gbágùúdá níwájú yín tí kò sọ̀rọ̀, kí lẹ ó ṣe?